Bí Wọ́n Bá Fi Gẹ̀ẹ́sì Pè Yín Sóde

Ìwé pélébé kan ni mo bá nínú báàgì ilé-ìwé ọmọ mi obìnrin. Wọ́n ya bàlúù sí i lára, wọ́n kọ orúkọ ọmọ mi sókè, wọ́n kọ ọjọ́ Sátidé àti "2pm to 4pm". Nísàlẹ̀ pátápátá ni nọ́ńbà fóònù ìyá ọlọ́jọ́ìbí wà, pẹ̀lú lẹ́tà mẹ́rin: RSVP. Ọdún kejì tí a dé Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn. Inú mi dùn, mo lẹ ìwé náà mọ́ ara fìríìjì, n kò sì pe nọ́ńbà kankan. Èmi gbà pé ẹni tí wọ́n bá ti pè, tí kò sì bínú, ó ń bọ̀ nìyẹn.

Nígbà tí Sátidé pé, mo wọ aṣọ tó dára fún un, mo mú àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì dání, a sì dé gbọ̀ngàn eré náà nígbà tí aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n ti gé kéèkì. Àwọn ọmọ yòókù ti ń wọ bàtà. Àpò ẹ̀bùn kéékèèké wà lórí tábìlì, wọ́n kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sí tirẹ̀, kò sì sí orúkọ ọmọ mi níbẹ̀. Ìyá ọlọ́jọ́ìbí kí wa dáadáa, ó ní, "Oh, we weren't sure you were coming." Ó wá àpò kan, ó kó súìtì díẹ̀ sí i. Ọmọ mi gbà á, ó dúpẹ́, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi délé.

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni mí nílé kí n tó rìnrìn-àjò. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Ìbàdàn bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà: ibi tí àdírẹ́sì ń wà, ibi tí ọjọ́ ń wà, èyí tí a fi ń kọ "Yours faithfully" àti èyí tí a fi ń kọ "Yours sincerely". Mo lè kọ ìwé ìpè tí kò ní àbùkù kankan. Ohun tí n kò mọ̀ ni ohun tí ìwé ìpè ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbà á. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé iye orí ọmọ ni àwọn gbọ̀ngàn eré wọ̀nyẹn fi ń gbowó, pé onínàáwó gbọ́dọ̀ sọ iye ọmọ tó ń bọ̀ ṣáájú ọjọ́, àti pé àbúrò tí wọn kò kọ orúkọ rẹ̀ kò sí lára ẹni tí wọ́n pè. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ mi ni wọ́n gbà gẹ́gẹ́ bí èsì, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé a kò ní wá.

Mo kọ èyí nítorí àwọn èèyàn wa tí wọ́n ń dé ìlú Gẹ̀ẹ́sì lójoojúmọ́, àwọn nọ́ọ̀sì, akẹ́kọ̀ọ́, awakọ̀, àwọn tó ń tọ́jú arúgbó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Síbẹ̀ mo ti bá ẹni tó lo ọdún mẹ́wàá níbí pàdé tí kò tíì jókòó nínú páálọ̀ aládùúgbò rẹ̀ rí. Ó gbà pé wọn kò fẹ́ òun ni. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa jẹ. Ṣùgbọ́n nígbà púpọ̀, wọ́n pè é, kò mọ̀ pé wọ́n pe òun. Tàbí wọn kò pè é, ó rò pé wọ́n pè é, ó ń retí, ó sì fi bẹ́ẹ̀ bínú.

Èyí tó ń dun èèyàn jù ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ rẹ á sọ fún ọ bí ẹ ṣe ń jáde lọ́jọ́ Fraidé pé, "You must come round for dinner sometime." Ìwọ tí o jẹ́ Yorùbá gbọ́ "must". Nínú èdè wa, ẹni tó bá ní "ẹ gbọ́dọ̀ wá o" ti fi gbogbo ara pè ọ́. O bẹ̀rẹ̀ sí í retí ọjọ́. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, oṣù kan kọjá, ẹni náà ń kí ọ bó ti ń kí ọ tẹ́lẹ̀, kò sọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ mọ́. O ní òpùrọ́ ni.

Kì í ṣe òpùrọ́. Ẹ jẹ́ ká padà sílé wò ó. Bí ẹ bá bá ẹnìkan tó ń jẹ àmàlà lọ́wọ́ lẹ́nu ìsọ̀ rẹ̀, kí ni yóò sọ? "Ẹ wá jẹun o." Kí ni ẹ̀yin yóò sọ? "Ó máa gba ibi ire o." Ẹ kọjá lọ. Ṣé ó purọ́ ni? Rárá. Ṣé ó fẹ́ kí ẹ fọwọ́ kí ẹ bù nínú òkèlè rẹ̀? Rárá, àyàfi bí ẹ bá súnmọ́ ara yín gan-an. Ó kí yín ni. Ó fi hàn pé òun rí yín, òun kò sì ka oúnjẹ sí ju èèyàn lọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà nílé wa mọ ìdáhùn rẹ̀. Òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ògbómọ̀ṣọ́ kò mọ̀ ọ́n. Ó lè fa àga kó jókòó. "You must come round sometime" ni "ẹ wá jẹun o" ti Gẹ̀ẹ́sì. Ìdáhùn tirẹ̀ náà wà: "That would be lovely," tàbí "I'd love that." Ẹ ti dáhùn, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, kò sì sí ẹni tó jẹ ẹnì kejì ní gbèsè.

Àwọn onímọ̀ ti fi ojú tó múná wo ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1990, Ellen Isaacs àti Herbert Clark ti Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí irú ìpè báyìí, èyí tí ẹni tó ń pè kò fi bẹ́ẹ̀ retí pé kí wọ́n gbà, tí ẹni tí wọ́n pè náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n tọ́ka sí àwọn àmì rẹ̀: ọ̀rọ̀ náà kì í ní ọjọ́ pàtó, ẹni tó ń pè kì í tẹpẹlẹ mọ́ ọn, kì í sì í sọ ìdí tí ẹ ó fi gbádùn wíwá. Ṣáájú wọn, Nessa Wolfson ti Yunifásítì Pennsylvania ti tẹ́tí sí bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń pe ara wọn lójoojúmọ́. Ó ní ìpè tòótọ́ máa ń mú ìgbà tàbí ibi tàbí ohun tí wọn yóò ṣe lọ́wọ́, èyí tó sì ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ ni ìbéèrè tó ń fẹ́ èsì.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí ó yí ohun tí etí wa ń gbọ́ padà pátápátá. Etí Yorùbá ń gbọ́ agbára nínú "You must come!" ó sì ń gbọ́ àìnífẹ̀ẹ́ nínú "Would you like to come over on the fourteenth, about seven? No worries if you can't." Ní Gẹ̀ẹ́sì, òdì kejì rẹ̀ ni. Èyí tó dún bí àṣẹ ni ìkíni. Èyí tó dún bí ẹni tí kò bìkítà ni ìpè: ó lọ́jọ́, ó ní wákàtí, ó béèrè, ó sì dúró gbọ́ ohun tí ẹ ó sọ. Gbólóhùn "No worries if you can't" yẹn máa ń dun àwọn èèyàn wa. "Ó ní bí n kò bá lè wá, kò sí wàhálà, kó má kúkú pè mí." Rárá o. Ilẹ̀kùn ni ó ṣí sílẹ̀ kí ẹ lè rí ibi gbà jáde láìtijú. Nílé wa, a máa ń fi títẹpẹlẹ bọlá fún àlejò. Níbí, fífún un láyè láti kọ̀ ni wọ́n fi ń bọlá fún un.

Ìpè mìíràn wà tí kì í tíì jẹ́ ìpè. Fóònù yóò dún, ọ̀rẹ́ rẹ yóò ní, "Are you doing anything on Saturday?" Ọ̀pọ̀ nínú wa á kọ́kọ́ ṣọ́ra: kí ló fẹ́ mọ̀ ọ́n fún? Àwọn mìíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo iṣẹ́ Sátidé sílẹ̀, aṣọ fífọ̀, ọjà, irun ọmọ. Emanuel Schegloff, tó bá Harvey Sacks àti Gail Jefferson wádìí ọ̀rọ̀ ẹnu ní Kalifọ́níà, fi hàn pé ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìbéèrè nípa Sátidé rárá. Ẹni tó ń pè ń fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wò ni kó tó gbé ẹrù lé e. Bí ẹ bá ní "Nothing much, why?", ilẹ̀ le, ìpè ń bọ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá ní "I'm working all day, actually," ó mọ̀ pé kí òun má pè yín mọ́, kò sì sí ẹni tó kọ ẹnì kan. Ẹ wò ó bó ṣe jọ tiwa: ẹni tó fẹ́ yá owó kì í kọ́kọ́ dárúkọ owó, á béèrè bí ọjà ṣe ń lọ sí.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó peni ló ń sanwó, àríyànjiyàn kò sí níbẹ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ gbọ́dọ̀ fetí sí ọ̀rọ̀-ìṣe. "Shall we go for a meal?" tàbí "Do you fancy going out for dinner?" túmọ̀ sí pé olúkúlùkù ni yóò san tirẹ̀. "Let me take you out," "It's on me," "My treat": ẹni tó sọ ọ́ ló ń sanwó. Bí wọ́n bá pè yín sí ọjọ́ ìbí ní ilé oúnjẹ, ẹ mú owó dání, nítorí àwọn tí wọ́n pè ló sábà máa ń san ti ara wọn, wọ́n sì lè dá ti ọlọ́jọ́ìbí pọ̀. Mo mọ ọ̀dọ́kùnrin kan, akẹ́kọ̀ọ́ ni, tó lọ sí irú ọjọ́ ìbí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bùn tó rẹwà lọ́wọ́ àti pọ́n-ùn mẹ́rin lápò. Ó rò pé ìnáwó ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ san án fún un láìsọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò bá wọn jáde mọ́ ní gbogbo sáà yẹn. Bẹ́ẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá ti ṣàlàyé fún un ni, ì bá ti jẹ oúnjẹ pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ tàbí kó ní òun á bá wọn lẹ́yìn oúnjẹ.

Orúkọ oúnjẹ náà ní ìdẹkùn tirẹ̀. Ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá pè yín sí "tea" lè ní tíì àti kéèkì lọ́kàn ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àṣà tí wọ́n máa ń so mọ́ orúkọ Anna, ìyàwó Dúúkù Bedford, láti àwọn ọdún 1840. Ẹ lọ sí Leeds tàbí Newcastle, "come for your tea" ni oúnjẹ alẹ́ gidi. "Dinner" wà tó jẹ́ oúnjẹ ọ̀sán lẹ́nu àwọn kan níbẹ̀. Ẹ má tijú láti béèrè wákàtí. Wákàtí ni yóò sọ irú oúnjẹ tó jẹ́.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ sórí kíkọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń wọ́ jù fún wa.

Yorùbá tó ní ẹ̀kọ́ kì í fẹ́ sọ "n kò ní wá" lójú ẹni tó wá pè é. Ẹni náà fi ẹsẹ̀ rin wá sílé rẹ, ó kúnlẹ̀ tàbí ó dọ̀bálẹ̀, ó ní ẹ wá bá òun yọ̀. Ìwọ yóò ní, "A ó wá o, Ọlọ́run á jẹ́ ká rí ọjọ́ náà." Bí o kò bá wá, o rán ẹnìkan, tàbí o fi owó ránṣẹ́, tàbí o yà síbẹ̀ lọ́jọ́ kẹta láti kí wọn kú ìnáwó. Gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n. Àsè tiwa kò ka orí, ìkòkò ńlá ni, ẹni tó wá á jẹ, mo-gbọ́-mo-yà pàápàá á rí tirẹ̀ jẹ. Nítorí náà "a ó wá" wa kì í ṣe àdéhùn, àdúrà àti ìwúre ni.

Onílé Gẹ̀ẹ́sì ra ẹran mẹ́fà fún èèyàn mẹ́fà. Àga mẹ́fà ló wà nídìí tábìlì. Bí ẹ bá ní ẹ ó wá tí ẹ kò wá, àga yín á ṣófo ní ojú gbogbo wọn láti aago méje títí di mọ́kànlá. Kò sí ẹni tó ń kí onínàáwó lọ́jọ́ kẹta. Ní ìlú yìí, ẹni tó kọ̀ dáadáa ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú bọ̀wọ̀ fún onílé ju ẹni tó gbà tí kò yọjú.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ̀? Sacks àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ orí fóònù sílẹ̀, wọ́n sì rí i pé ẹni tó bá gba ìpè máa ń dáhùn kíá: "Oh, lovely, yes!" Ẹni tó fẹ́ kọ̀ máa ń falẹ̀. Á mí díẹ̀, á ní "Well…" tàbí "Oh, that's so kind of you…", á wá sọ ìdí. Ìfàsẹ́yìn kékeré yẹn ti tó fún ẹni tó gbọ́ èdè náà láti mọ ohun tó ń bọ̀. Ìdí tí wọ́n ń sọ kì í ṣe "n kò fẹ́", "n kò lè" ni, kò sì gbọ́dọ̀ gùn: "We'd have loved to, but we've got something on that day." Etí wa á fẹ́ mọ ohun tí "something" jẹ́. Wọn kì í béèrè. Lẹ́yìn náà ni wọn á fi ìfẹ́ tì í lẹ́yìn: "Can we do it another time?" Bí ẹ bá fẹ́ kí onílé gbà yín gbọ́, ẹ fi ọjọ́ sí i, "Are you free the week after?" Bí kò bá lọ́jọ́, ó ti di ìkíni. Ará Amẹ́ríkà lè ní "Can I take a rain check?" Láti ibi eré bésìbọ́ọ̀lù ìgbẹ̀yìn ọ̀rúndún 19 ló ti wá: bí òjò bá dá eré dúró, wọ́n á fún òǹwòran ní ìwé tí yóò fi wọlé lọ́jọ́ mìíràn láìsanwó.

Gbólóhùn kan wà tí mo bẹ̀ yín kí ẹ yọ kúrò lẹ́nu bí wọ́n bá pè yín: "I will try." Fún wa, ìlérí tó ní ìrẹ̀lẹ̀ ni, "màá gbìyànjú". Fún wọn, ẹni tó bá ní "I'll try to make it" ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé òun kò ní wá, ó kàn ń fi òwú bò ó ni. Onílé á yọ yín kúrò nínú iye àwo rẹ̀. Bí ẹ bá wá, ojú á tì í pé àwo kò tó. Àti "By God's grace" ńkọ́? N kò ní kí ẹnikẹ́ni fi Ọlọ́run sílẹ̀ nítorí oúnjẹ alẹ́. Mùsùlùmí wa ní In shā Allāh, Kristẹni wa ní bí Ọlọ́run bá fẹ́, a kò sì mọ̀ bí ọ̀la ṣe máa rí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí àdúrà nìkan bá jẹ́ gbogbo èsì, onílé kò mọ iye ìrẹsì tí òun máa sè. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ ni lákọ̀ọ́kọ́, kí àdúrà tẹ̀lé e: "Yes, we'll be there, God willing." Ọlọ́run gbọ́, alásè náà gbọ́.

Bí ọ̀ràn bá sì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti gbà, ẹ tẹ̀ wọ́n láago lójú ẹsẹ̀. "I'm so sorry, something's come up" tó. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni kò sí oògùn rẹ̀.

Nípa káàdì. Ìgbà tí Emily Post kọ ìwé rẹ̀ lórí ìwà ọmọlúàbí ní Amẹ́ríkà ní 1922, ó fi ìlànà lélẹ̀ bí a ṣe ń fi ọwọ́ kọ èsì ìwé ìpè: a ń dárúkọ ara wa bí ẹni pé ẹlòmíràn ni, a sì ń tún ọjọ́ àti wákàtí kọ padà sí onínàáwó kí àṣìṣe má bàa sí. RSVP fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ Faransé ni, "répondez s'il vous plaît", ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì. Ìbéèrè ni. Àwa náà ń tẹ̀ ẹ́ sórí IV ìgbéyàwó ní Abẹ́òkúta àti Òṣogbo, pẹ̀lú orúkọ àbúrò ìyàwó àti nọ́ńbà fóònù mẹ́ta, ṣùgbọ́n ta ló ń pè wọ́n? Ẹni tó bá pe nọ́ńbà yẹn, ọ̀nà gbọ̀ngàn ló ń béèrè. Èsì tiwa wà níbòmíràn: aṣọ ẹbí. Ẹni tó gba aṣọ, tó sanwó, tó ti gbé e fún télọ̀, ó ń bọ̀. Ẹni tó ní aṣọ náà wọ́n, onínàáwó ti mọ ohun tó ń sọ. A ní RSVP tiwa, owó la fi ń kọ ọ́. Ohun tó ń ṣì wá lọ́nà ni pé lẹ́tà mẹ́rin kan náà wà lórí káàdì wa àti tiwọn, a sì rò pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Àwọn ọ̀rọ̀ káàdì mìíràn rọrùn bí ẹnìkan bá ti sọ ọ́ fún yín. "Regrets only": àwọn tí kò ní wá nìkan ni kó pè. "7 for 7.30": ẹ lè dé láti aago méje, oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ ní ààbọ̀. "Carriages at midnight": láyé ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, òru lóde ń tú. "Plus one": ẹnìkan péré, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n. Bí káàdì ìgbéyàwó bá dárúkọ "evening reception" nìkan, ijó alẹ́ ni wọ́n pè yín sí, oúnjẹ ọ̀sán kò sí nínú tiyín. Kò túmọ̀ sí pé wọ́n rí yín fín. Iye àga ọ̀sán kéré ni, owó rẹ̀ sì pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá mi. Ó wá kí wa láti Ìbàdàn nígbà tí mo bí àbíkẹ́yìn mi. Ìyá àgbà kan tó jẹ́ Òyìnbó ní ilé kejì ní kí a mú un wá kí òun. Ó béèrè lọ́wọ́ ìyá mi, "Would you like something to eat?" Ìyá mi, tí ebi ń pa, ní "No, no, thank you, don't worry yourself," bí àgbàlagbà tó mọ ojú ọlá ṣe ń sọ. Ó ń retí ìpè ẹlẹ́ẹ̀kejì àti ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ìyá àgbà náà ní "All right then," ó sì jókòó. Nígbà tí a délé, ìyá mi ní, "Ọmọ mi, ṣé wọn kì í rọ àlejò ni?" Mo ní, "Mọ́mì, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń béèrè. Wọ́n gbà pé òótọ́ lẹ sọ." Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Bó bá di ìgbà mìíràn, màá gbà á lẹ́ẹ̀kan." Nígbà tí ìyá àgbà náà tún pè wá, ìyá mi ní "Yes, please," ó jẹ kéèkì méjì, ó sì wọ inú kíṣìnnì bá a fọ abọ́. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n títí ìyá mi fi padà sílé, àwọn méjèèjì kò sì gbọ́ ju ìdajì Gẹ̀ẹ́sì ara wọn lọ.

Àwa náà ní láti mọ bí a ṣe ń pè wọ́n. Mo ti rí aládùúgbò Òyìnbó tó dé ibi ìsọmọlórúkọ tiwa ní Peckham ní aago méjìlá géérégé, bí wọ́n ti kọ ọ́ sórí káàdì, tó bá gbọ̀ngàn òfìfo, àwọn ọmọkùnrin ṣì ń to àga. Ó dúró fún wákàtí méjì pẹ̀lú òdòdó lọ́wọ́, ó fi òdòdó sílẹ̀, ó lọ. Àwa tí a pè é la jẹ̀bi ìyẹn. Bí ẹ bá pè wọ́n, ẹ sọ wákàtí tòótọ́: "The card says twelve, but it won't get going till about three." Ẹ sọ bóyá ọmọ wà lára ẹni tí ẹ pè. Ẹ sọ pé kò pọn dandan kí wọ́n wọ aṣọ ẹbí, pé bí wọ́n bá rí owó níwájú orí ẹni tó ń jó, kí wọ́n má bẹ̀rù. Ẹ béèrè ohun tí wọn kì í jẹ, nítorí ata wa kì í ṣe ata kékeré. Kí ẹ sì pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́, kí ẹ dúró. Bí ẹ bá pe ẹnìkan nígbà mẹ́rin, ó lè wá nítorí àánú, kò sì ní padà wá.

Inú mi dùn sí ohun kan tó jọra nínú èdè méjèèjì. Lọ́jọ́ kejì àsè, Yorùbá á ní "Ẹ ṣé àná o." Gẹ̀ẹ́sì tó ní ẹ̀kọ́ á fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp pé, "Thank you for having us yesterday." Mo máa ń sọ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pé ìyẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe, nítorí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe láti kékeré. Onílé tí ẹ bá kí lọ́jọ́ kejì á tún pè yín.

Ọdún kejì sí ìgbà tí mo sọ lókè yẹn, ìwé pélébé mìíràn tún jáde nínú báàgì ọmọ mi. Mo tẹ nọ́ńbà náà láago kí n tó bọ́ kóòtù. Mo ní ọmọ mi ń bọ̀, òun nìkan. Àpò ẹ̀bùn rẹ̀ wà lórí tábìlì, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i, wọn kò tilẹ̀ ṣi lẹ́tà kan kọ. Bí ẹ ti ń ka èyí lónìí, ẹ yẹ báàgì ọmọ yín wò. Bí ìwé ìpè kan bá wà níbẹ̀, ẹ fèsì kó tó di alẹ́, ìbáà jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ìbáà jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́.